Ìrìn Àjò Ọmọ Kékeré Sínú Ọgbà àti Igbó Ìtòsí: Àwọn Ibi Tó Yẹ àti Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, Èkó tàbí Abẹ́òkúta lóde òní lè pé ọmọ ọdún méje kí ó má tíì fọwọ́ kan èèpo igi ìrókò rí. Ó mọ kìnnìún àti erin láti inú tẹlifíṣàn, ó sì lè pe orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá sáré kọjá lórí ògiri ilé wọn, kò mọ ohun tí à ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Ilé tí wọ́n ń gbé kò ní àgbàlá, oko bàbá àgbà jìnnà, ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ sí ilé ìwé, fóònù ìyá rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣeré bí ó bá dé. Síbẹ̀, igbó kò tíì tán pátápátá ní ìtòsí àwọn ìlú wọ̀nyí. Ọgbà ẹranko wà, ọgbà ìgbafẹ́ wà, igbó tí wọ́n dá sí àti òkè tí ó ní àtẹ̀gùn náà sì wà, tí ìdílé lè lọ ní àárọ̀ Sátidé kan kí wọ́n sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju fàájì lásán lọ. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa lo 180 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, lójoojúmọ́ fún rírìn, sísáré, gígun nǹkan àti eré mìíràn tí ń mú ara ṣiṣẹ́. Ní ti tẹlifíṣàn àti fóònù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ wò ó rárá, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ojú pàápàá ń jẹ àǹfààní ìta gbangba. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Guangzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ náà ń lò níta ní ọjọ́ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, iye àwọn tí ojú wọn di èyí tí kò lè rí ọ̀ọ́kán kedere dín kù láàárín ọdún mẹ́ta.

Ìrìn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí òbí fi ìrìn ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìrìn ọmọ. Àgbàlagbà ń rìn kí ó lè dé ibìkan; ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ibi tí ó ń lọ. Èèrà tí ó tò lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà tó o wò fún ìdajì wákàtí. Nítorí náà, ọ̀nà tí àgbà lè rìn tán ní ogún ìṣẹ́jú, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, kí wọ́n má sì bínú bí wọn kò bá dé òpin rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ̀yìn ni yóò ti wo igbó. Pípọ̀n ṣì dára ju kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ níbẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò igi àti òkúta kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà yí.

Ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn ni ó máa ń dì mú, kì í ṣe àlàyé gígùn. Ewé patanmọ́ tí ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Bí ọmọ bá fi ìka kàn án, ewé náà yóò pa dé. Bí wọ́n bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò tún là. Kí wọ́n kàn ṣọ́ ẹ̀gún ara ìtàkùn rẹ̀ ni. Ilé ẹyẹ ẹ̀gà tí ó so rọ̀ sórí ọ̀pẹ jẹ́ òmíràn. Akọ ni ó ń fi koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ hun ún, abo ni yóò sì wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wu òun láti gbé; bí kò bá wù ú, akọ á tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun. Ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́ ìtàn yìí yé dáadáa. Lékeléke ń tẹ̀lé màlúù kiri nítorí àwọn kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé jáde láti inú koríko, àwọn ọmọ ìgbà kan sì máa ń ké sí i pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Bàbá àgbà tí ó bá bá wọn lọ yóò rántí èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Èyí ni ìdí tí ó fi dára kí àgbà kan nínú ẹbí wà nínú ìrìn náà. Orúkọ igi wà lára ohun tí ó yára ń parẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò tíì pé ogójì ọdún ni kò lè dá àfàrà mọ̀ yàtọ̀ sí àràbà, tí ó sì jẹ́ pé gbogbo igi ńlá ni wọ́n ń pè ní ìrókò. Ìyá àgbà mọ ìyàtọ̀. Ó mọ òrúrù tí ó ń tan òdòdó pupa bí iná, ó mọ igi ìyeyè, ó sì lè fi gbòǹgbò àràbà han ọmọ, èyí tí ó yọ jáde bí ògiri tí ọmọ méjì lè fara pamọ́ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òun ni yóò sọ pé èsúnsún yóò fò lálẹ́, yóò sì tọ́ka sí ọ̀gán tí wọn yóò ti jáde. Kò sí ìwé ilé ìwé tí ó lè ṣe èyí bí ti ẹni tí ó ti jẹ èsúnsún rí.

Èkó

Fún ìdílé tí ń gbé Èkó, ibi tí ó rọrùn jù ni Lekki Conservation Centre tí ó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Nigerian Conservation Foundation, àjọ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ni ín, ọdún 1990 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78, àbàtà àti pápá koríko ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà la àárín àbàtà náà kọjá, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ lè rìn láàárín omi àti igi ọ̀pẹ̀ láìtẹ ẹrẹ̀. Ó yẹ kí òbí dúró díẹ̀ lórí pákó yẹn kí ó sì sọ fún ọmọ pé bí ibí yìí ti rí ni púpọ̀ nínú agbègbè Lẹ́kí ti rí kí wọ́n tó da iyanrìn sí i, kí wọ́n tó kọ́ ilé. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò wo ilé gogoro tí ó wà lókèèrè, yóò sì bèèrè ibi tí omi náà wá gbà lọ. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tí omíyalé ń dà láàmú ní Lẹ́kí lọ́dọọdún ń bèèrè rẹ̀ bákan náà.

Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀ni àti awọ́nrínwọ́n náà wà, àwọn òkín sì ń rìn kiri fàlàlà. Àwọn ọ̀bọ náà ti mọ ènìyàn jù. Wọ́n lè já bisikíìtì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ọmọ tí ó bá sì di tirẹ̀ mú lè fara gba èékánná tàbí eyín. Nítorí náà, inú àpò ni kí oúnjẹ wà títí wọn yóò fi jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì fún ọ̀bọ ní ohunkóhun. Fífún wọn ní oúnjẹ gan-an ni ó sọ wọ́n di olè.

Afárá orí igi tí wọ́n so rọ̀, tí ó gùn tó mítà 401, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ. Ó tóóró, ó sì ń mì bí ènìyàn bá ti ń rìn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti yí padà ní àárín ọ̀nà nígbà tí àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Òbí tí ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò pàdánù nǹkan kan bí ó bá fi afárá yẹn sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i. Pápá koríko tí ó wà ní ìparí ọ̀nà pákó, níbi tí ìdílé lè tẹ́ ẹní kí wọ́n jẹun, ni ọmọ yóò rántí.

Ní Ìkejà, àwọn ọgbà ìgbafẹ́ kéékèèké wà ní Aláùsá tí ó dára fún ìgbà tí àyè ọjọ́ kò gùn, nítorí koríko, òdòdó àti ibi ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ní. Freedom Park tí ó wà ní Èkó Ìsàlẹ̀ jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba òyìnbó. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ìtàn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá igbó kò ní rí i.

Ìbàdàn

Ìbàdàn ni ó ní ọrọ̀ jù ní ti ọ̀rọ̀ yìí. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ń kó ẹranko díẹ̀ sí fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Àwọn òbí tí wọ́n ń mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀ lónìí ni àwọn òbí tiwọn náà mú lọ ní àkókò ìsinmi ilé ìwé. Ọgbà ewéko tún wà nínú yunifásítì kan náà, níbi tí ojú ọ̀nà ti dákẹ́ rọ́rọ́ ju ti ọgbà ẹranko lọ.

Agodi Gardens, tí kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìtàn tí ó le. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú Ìbàdàn, omi náà ba ọgbà yìí jẹ́ pẹ̀lú. Ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọdún 2014 ni wọ́n tún ṣí i. Adágún omi wà níbẹ̀, àwọn ẹranko díẹ̀ wà, igi ńlá tí ó ń fún ni ní ibòòji sì pọ̀. Àárọ̀ ni kí òbí gbé ọmọ lọ. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ariwo ẹ̀rọ orin àwọn tí ń ṣe ọjọ́ ìbí máa ń borí ohùn ẹyẹ, àwọn ẹyẹ pàápàá yóò sì ti fò lọ. Ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ilẹ̀ wa ni ó ti ń di gbọ̀ngàn àríyá báyìí, ohun tí ó dun ni sì ni, nítorí gbọ̀ngàn àríyá kò wọ́n wa nígbà kan rí.

Igbó tí ó dára jù ní Ìbàdàn wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ iléeṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 1,000, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Apá púpọ̀ nínú igbó yìí ti jẹ́ oko rí; nígbà tí wọ́n pa á tì láìdáko mọ́, igi hù padà fúnra wọn, tí ó fi di igbó kìjikìji láàárín bí àádọ́ta ọdún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹyẹ kékeré kan tí ó dúdú, tí orí rẹ̀ pupa, tí àwọn onímọ̀ sọ ní Malimbus ibadanensis. Ẹbí ẹ̀gà ni. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, orúkọ Ìbàdàn ni ó sì ń jẹ́ láti 1958 tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ nípa ẹyẹ yìí rí pọ̀ ju èyí tí ó gbọ́ lọ. Ènìyàn kò lè ṣàdédé wọ ibẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n ń gbà ṣáájú, kí òbí tàbí ilé ìwé sì béèrè ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lọ.

Bí òjò bá dí ìrìn igbó lọ́wọ́, kí wọ́n gun Ilé Ìṣọ́ Bower ní Òkè Àárẹ, tí wọ́n kọ́ parí ní 1936. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo Ìbàdàn sì ni ọmọ yóò rí láti orí rẹ̀.

Òkè, omi àti igbó mímọ́

Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta bá ọmọ ọdún márùn-ún mu. Ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí nígbà ogun wà níbẹ̀. Ọmọdé lè wọ̀ ọ́ láìbẹ̀rẹ̀ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ láti 2006, ṣùgbọ́n kí òbí pinnu láti fẹsẹ̀ rìn. Òkè Ìdànrè yàtọ̀ pátápátá. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀ sí, kí bàbá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje. Ìpele àkọ́kọ́ tó fún ọmọ kékeré. Àwọn tí ó kù ga, wọ́n sì ń yọ̀, pàápàá láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá tí omi ń pọ̀. Ní Ìkógòsí Èkìtì, ìsun omi gbígbóná àti ti tútù pàdé láìdàpọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ sì lè fi ọwọ́ kan èyí kí ó tún fi kan ìyẹn. Kò sí ọmọ tí kì í bèèrè ẹni tí ó ń dá iná sí abẹ́ ilẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 75, ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní 2009, àti ti àwọn oníṣọ̀nà tí wọ́n bá a ṣe é, wà káàkiri abẹ́ igi níbẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ń yẹra fún ibẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ìpinnu ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn, ṣùgbọ́n igbó tí àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí wọ́n gé, kí wọ́n dẹ tàbí kí wọ́n dáko sí fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Omi odò náà kò mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ ọ́ di omi ẹlẹ́rẹ̀, ìkìlọ̀ sì ti jáde láti bí 2021 pé kí àwọn ènìyàn má mu ún. Ọmọ kò gbọdọ̀ mu ún, kò sì gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Omi ni ewu àkọ́kọ́, ejò kọ́. Ọmọ ọdún méjì lè rì sínú omi tí kò ju orúnkún àgbà lọ, láìpariwo. Ní etí adágún tàbí odò, àgbà kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa wo ọmọ lọ. Ẹni tí ń ya fọ́tò kì í ṣọ́ ọmọ. Omi tí ó dúró sójú kan tún ní àrùn tirẹ̀. Aràn tí ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá, ń gbé inú ìgbín omi, ó sì ń gba awọ ara wọlé bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ sínú omi náà. Àwọn ìlú tí ó yí ìdídò Ọyán ká nítòsí Abẹ́òkúta mọ àrùn yìí dáadáa. Bí ọmọ bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pupa ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ; oògùn rẹ̀ wà.

Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn ni ààbò tí ó dára jù sí ejò, ìjàlọ àti èsìsì. Kí ọmọ má fọwọ́ bọ ihò, kí ó má sì yí òkúta tàbí ìtì igi tí ó ti jẹrà láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, wọn kò gbọdọ̀ fi abẹ gé ojú ibẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu fa oró, wọn kò sì gbọdọ̀ fi okùn so ó pinpin. Kí wọ́n dá ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró láìmì, kí wọ́n gbé ẹni náà, kí wọ́n má jẹ́ kí ó rìn, kí wọ́n sì kọrí sí ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn apa-oró. Ní ti ẹ̀fọn, kí ọmọ tí yóò wọ igbó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ní oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà, kí wọ́n sì ti kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọgbà ẹranko, irin tí ó yí àgọ́ ká kì í ṣe ohun tí à ń gbé ọmọ jókòó lé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún kan ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pa òṣìṣẹ́ tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹni tí ó ń fún un ní oúnjẹ kò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òbí má ṣe fi ọmọ dánrawò.

Owó ìwọlé máa ń yí padà ní gbogbo ibi wọ̀nyí, nítorí náà kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó jáde nílé. Kí omi mímu pọ̀ ju ohun tí wọ́n rò pé ọmọ lè mu lọ, kí wọ́n sì kó ọ̀rá omi tí wọ́n bá mu tán padà sílé. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n tú aṣọ ọmọ, kí wọ́n wo ẹ̀yìn etí, abíyá àti ìtàn rẹ̀ bóyá eégbọn wà níbẹ̀, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí wọ́n sì yẹ àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, nítorí pé ìkarahun ìgbín àti kóró igi yóò wà níbẹ̀, ọmọ náà yóò sì bèèrè wọn lọ́la.